Búrẹ́dì Àwọn Ará Fiẹtnáàmù

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àwọn àgbà sọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́)

  Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ọjà tàbí oko wá síbí tààrà, tí kò tíì fi nǹkan kan panu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwà ìkà kí n dúró níwájú yín báyìí kí n máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yín ló ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun kan láti ìlú òkèèrè tí mo mọ̀ dájú, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọdún púpọ̀ ni mo fi gbé ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ohun tí mo sì mọ̀ dájú jù níbẹ̀ ni ibi tí oúnjẹ ti dùn tí owó rẹ̀ kò sì ga.

Oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ yìí, búrẹ́dì ni. Àwọn ará Fiẹtnáàmù ló ni ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni bánh mì. Olùkọ́ ti bá mi kọ ọ́ sára pátákó, ẹ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kejì tán, ṣé ẹ rí àmì tí ó wà lórí a, àti èyí tí ó wà lórí i? Kì í ṣe pé olùkọ́ ṣèèṣì fi àmì Yorùbá sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ń kọ ọ́. Èdè wọn dà bí tiwa ní ti pé bí ohùn bá ti yí padà, ìtumọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ohùn mẹ́ta ni àwa ní. Àwọn ará àríwá ilẹ̀ wọn ní mẹ́fà. Àmì orí a yẹn ń gbé ohùn lọ sókè, ti orí i ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí h yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ pe bá, kí ẹ fi imú parí rẹ̀, kí ẹ wá pe mì bí ìgbà tí a bá ní kí ọmọdé gbé oògùn mì. Ó tán. Ẹ ti pè é dára ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ.

Bánh ni orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi nǹkan tí a fi ìyẹ̀fun ṣe, ìbáà ṣe ti ìrẹsì, ìbáà ṣe ti nǹkan mìíràn. Mì ni àlìkámà, èyí tí a fi ń ṣe fúláwà.

Láyé àtijọ́, irú ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń lò, àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn àlùfáà Pọtogí àti Faransé ni wọ́n fi lẹ́tà A, B, D kọ èdè náà. Ọ̀kan nínú wọn, Alexandre de Rhodes, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní ìlú Róòmù ní 1651. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀wé. Ní oṣù kẹsàn-án 1945, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Ho Chi Minh kéde òmìnira, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ kí a dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́, ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nítorí náà bí ẹnì kan bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń gbé ìwé, ẹ sọ fún un pé odidi orílẹ̀-èdè ti ṣe é rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ikùn.

Bí àwa ti ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, ní tiwọn, ìrẹsì ni oúnjẹ. Ìrẹsì ní àárọ̀, ìrẹsì ní ọ̀sán, ìrẹsì ní alẹ́. Ta ló wá gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwọn Faransé ni. Ọkọ̀ ogun wọn kọlu èbúté Đà Nẵng ní 1858. Ní 1859 wọ́n gba ìlú Saigon. Ní 1862 ọba Fiẹtnáàmù fọwọ́ sí ìwé, ó fi ìgbèríko mẹ́ta lé wọn lọ́wọ́ ní gúúsù. Ẹ rántí pé ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ìgbà kan náà ni. Ẹ ṣáà mọ irú ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú ọba nígbà yẹn, àti bí ìbọn ṣe máa ń wà lẹ́yìn ìwé náà.

Òyìnbó Faransé kì í jókòó ti oúnjẹ kí búrẹ́dì má wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlìkámà kì í ṣe dáadáa ní ilẹ̀ tí ooru àti òjò pọ̀ bí ti ibẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni fúláwà ti ń wá. Ohun tí ó bá sì ti inú ọkọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í kéré. Àwọn òyìnbó àti àwọn olówó ìlú ló ń jẹ ẹ́. Bánh tây ni àwọn ará ilé ń pè é, èyí ni pé bánh àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń pe ọ̀pẹ òyìnbó. Orí àwo ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́: búrẹ́dì lọ́tọ̀, bọ́tà lọ́tọ̀, ẹran tútù lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀ tí a lọ̀ kúnná lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì nìkan ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí a yà sílé díẹ̀. Ta ló sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tẹrú-tọmọ ní Èkó? Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Jàmáíkà kan ni, Amos Shackleford, tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913. Ní 1921 ó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀. Òun náà ló gbé ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun dé, tí àwọn oníbúrẹ́dì wa fi ń jẹ́ kí búrẹ́dì wúwo kí ó sì rọ̀. Ọba oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú ní 1954. Búrẹ́dì Agége tí a ń jẹ lónìí, ìdílé rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti ná ọjà dé Àjàṣẹ́, tàbí Kútọnu, tàbí Kétu lọ́hùn-ún, ẹ ti rí ọmọ ìyá bánh mì. Búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá, tí èèpo rẹ̀ ń fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó gbé e dé Àjàṣẹ́ náà ló gbé e dé Saigon.

Ní oṣù karùn-ún 1954, àwọn ọmọ ogun Fiẹtnáàmù ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Điện Biên Phủ. Faransé kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, àwọn tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000,000 kó ẹrù kúrò ní àríwá lọ sí gúúsù. Lára wọn ni tọkọtaya kan, Lê Minh Ngọc àti Nguyễn Thị Tịnh. Ní 1958 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Saigon, wọ́n pè é ní Hòa Mã. Oúnjẹ àárọ̀ bíi ti Faransé ni wọ́n ń tà, lórí àwo. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ráyè jókòó, ọmọ ilé-ìwé kò ráyè jókòó. Ni wọ́n bá la búrẹ́dì, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn oúnjẹ náà kà wọ́n mọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà á bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà ní òpópónà Cao Thắng.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà. Ẹran wọ́n, ẹ̀fọ́ kò wọ́n. Nígbà tí a ti la búrẹ́dì tí a sì ń kó nǹkan sínú rẹ̀, a lè dín ẹran kù kí a fi ẹ̀fọ́ kún un, kí ó sì tún wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ wá lè ra ohun tí ó jẹ́ ti òyìnbó tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà yí padà. Wọn kò pè é ní ti ìwọ̀-oòrùn mọ́. Bánh mì ni, ó ti di ọmọ ilé. Àwọn kan lè sọ pé kò yẹ kí ènìyàn máa fi ẹnu tí ó fi lé òyìnbó lọ jẹ oúnjẹ òyìnbó. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi oúnjẹ kan bọ́ ọmọ rẹ̀ ló ni oúnjẹ náà.

Ogun mìíràn tún dé, ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, èyí tí Amẹ́ríkà bá wọn jà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1975, Saigon bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará àríwá, ogun parí. Nílé, fúláwà di ọ̀wọ́n, káàdì ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ, títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí tún ọrọ̀ ajé tò ní 1986. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní 1987 kò ní béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ rántí ìgbà tí ìjọba ológun wa fòfin de àlìkámà láti òkè òkun, tí ó di 1992 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Ẹ rántí bí búrẹ́dì ṣe ń kéré sí i tí owó rẹ̀ sì ń ga sí i.

Àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Fiẹtnáàmù, inú ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Púpọ̀ kú sójú òkun. Àwọn tí wọ́n yè é dé Amẹ́ríkà, Faransé, Kánádà àti Ọsirélíà. Wọn kò mú owó dání, wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ dání. Ní New Orleans, De Tran àti Huong Tran ṣí ilé búrẹ́dì Dong Phuong ní 1982. Ní 2018 a fún un ní ẹ̀bùn James Beard, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ńlá láàárín àwọn olóúnjẹ Amẹ́ríkà. Ní San Jose ní Kalifọ́níà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Chieu Le àti Henry Le, ń fi ọkọ̀ kiri ta oúnjẹ. Ní 1983 ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì, Lee's Sandwiches, ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀ lónìí. Ní 2011 ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Oxford gba ọ̀rọ̀ náà, banh mi, wọlé. Wọ́n yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ní Houston, apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ìlú ni àwọn ará Fiẹtnáàmù pọ̀ sí, lẹ́bàá òpópónà Bellaire. Òpópónà Bissonnet, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ta gàrí, èlùbọ́ àti iṣu, kò jìnnà síbẹ̀. Nítorí náà bí mo bá ti ra èlùbọ́ tán, mo máa ń ya ibẹ̀.

Ẹ má retí aṣọ funfun lórí tábìlì. Ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń lọ kò ju pálọ̀ ilé lọ. Tábìlì mẹ́rin, àga rọ́bà, fíríìjì ohun mímu, òórùn búrẹ́dì gbígbóná tí ó ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Lórí káńtà, àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé; ẹ ó búra pé ẹ̀kọ ni. Lára ògiri ni pátákó kan wà tí a kọ orúkọ oúnjẹ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 3, títí dé 14. Ẹ kò ní láti mọ èdè wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ti ẹran sísun, ẹ kàn ní "nọ́ńbà márùn-ún, méjì," ó parí.

Mo bi ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà nípa nọ́ńbà yẹn nígbà kan tí èrò kò pọ̀. Ó ní nígbà tí òun àti ọkọ òun bẹ̀rẹ̀, òun kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, oníbàárà kò lè ka èdè òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ 1 dé 14. Nọ́ńbà nìkan ni òun fi tajà fún ọdún mẹ́ta. Mo ní ìyẹn mà gbọ́n. Ó mi orí. Ó ní nọ́ńbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lára, torí ó jẹ́ kí òun rò pé ó tó. Ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ onílé. Òun wò ó, òun kò rí nọ́ńbà kankan tí ó jọ owó nínú rẹ̀, òun sì kó o sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn bébà ìpolówó ọjà. Ìwé náà ń sọ pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n kó jáde. Oníbàárà kan tí ó ń dúró de búrẹ́dì rẹ̀ ló ṣèèṣì kà á fún un lórí káńtà. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Yóò yan búrẹ́dì láti aago mẹ́ta òru, yóò tajà títí di ìrọ̀lẹ́, yóò wá lọ jókòó ti ìwé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun sùn lọ sórí tábìlì. Ó fa ìwé onílé yẹn yọ, ó fi hàn mí. Ó ti fi báírò pupa fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ nígbà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìlà lábẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn ó rí bébà lọ́wọ́ mi tí mo kọ ohun tí mo fẹ́ rà sí, èlùbọ́, ìrù, ẹ̀gúsí. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Àmì wa nìyẹn! Ta ló kọ́ ọ?" A jọ rẹ́rìn-ín títí àwọn tí ń dúró fi ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó wà nínú búrẹ́dì náà, torí mo rí i pé ìyá kan lẹ́yìn ti ń gbé itọ́ mì.

Búrẹ́dì ọ̀hún kò gùn bí ti Àjàṣẹ́. Ó gùn láti orí ìka títí dé ọrùn ọwọ́. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń ta kẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Kò dà bí ti Agége tí ènìyàn lè fi ṣe ìrọ̀rí. Ọjọ́ tí a bá yan án náà ni a ń jẹ ẹ́, torí ní ọjọ́ kejì ó ti gan. Ní Fiẹtnáàmù, bí ọ̀rinrin bá ti mú kí èèpo rẹ̀ rọ̀, àwọn tí ń tà á ní ẹ̀bá títì máa ń gbé e sórí ẹ̀yinná díẹ̀ kí wọ́n tó là á.

A ó la ẹ̀gbẹ́ kan, a kò ní là á já. A ó fi ẹ̀dọ̀ lílọ̀ pa inú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi ẹyin àti òróró tí a lù pọ̀ títí ó fi ki pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyẹn ti Faransé. Lẹ́yìn náà ni ẹran: ó lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi èédú sun, ó lè jẹ́ adìẹ, ó lè jẹ́ ẹran lílọ̀ tí a wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sì sè bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín, kí a tó gé e pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà kárọ́ọ̀tì àti gbòǹgbò funfun kan tí ó jọ kárọ́ọ̀tì ńlá, tí a gé wẹ́wẹ́ tí a rẹ sínú fínígà àti ṣúgà. Kùkúḿbà gígùn kan. Ewé olóòórùn dídùn kan, tí ó ń ṣe fún wọn bí ẹ̀fìnrín ti ń ṣe fún wa. Ata tútù tí a gé róbótó. Ẹ má bẹ̀rù; ẹni tí ó bá ti jẹ ọbẹ̀ ata ní Ìjẹ̀bú kò ní sunkún níbẹ̀.

Ohun tí ó kù ni ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Ìyá náà mú ìgò kékeré kan, ó fọ́n omi dúdú sínú búrẹ́dì náà. Mo wo ara ìgò náà. Kí ni mo rí? Máàgì! Máàgì olómi ni. Ará Switzerland kan, Julius Maggi, ló ṣe é ní 1886, kí horo tí àwa mọ̀ tó dé ní 1908. Àwọn Faransé ló mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá náà rò pé ti àwọn ni. Èmi náà rò pé tiwa ni. Mo sọ fún un pé ìyàwó ilé kan kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ orúkọ yẹn, kò fẹ́ gbà.

Bí ẹ bá gé e jẹ, èèpo yóò kọ́kọ́ ta lẹ́nu yín, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kíkan fínígà yóò gé ọ̀rá náà kúrò, ata yóò wá dé lẹ́yìn bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Kọfí ni kí ẹ fi tì í. Fiẹtnáàmù ló ṣìkejì Brazil nínú gbígbin kọfí ní gbogbo ayé. Wọ́n ń kán an díẹ̀díẹ̀ sórí mílíìkì aládùn inú agolo, wọ́n á da yìnyín sí i. Ó le. Bí ẹ bá mu ún lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ ó ka ìwé di òwúrọ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ wà níbí, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́ èyí. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ yìí. Kò tó kí ènìyàn sọ pé òun fẹ́ ti adìẹ, torí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi ń pa inú búrẹ́dì, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ó béèrè, kí ó sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Ti ẹyin dídín wà. Ti wàrà ẹ̀wà sóyà wà, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà wọn tí kì í jẹ ẹran ló máa ń jẹ ẹ́. Ti sàdíìnì pẹ̀lú wà, sàdíìnì inú agolo nínú tòmátò! Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kì í jìn púpọ̀.

N kò ní fi kìkì adùn tàn yín jẹ. Oúnjẹ tí a fi ẹyin tútù àti ẹ̀dọ̀ sí kì í dúró nínú oòrùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ní ìlú Hội An ní Fiẹtnáàmù, àwọn tí ó ju 300 lọ ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ bánh mì láti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Kòkòrò àìsàn ló wọ inú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù olókìkí ni, èrò kì í wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tí yóò bá tà á, kí ó ní fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í kú, tàbí kí ó yọ ẹyin tútù àti ẹ̀dọ̀ kúrò pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ mọ̀ bí iná ti rí. Ẹ yọ wọ́n kúrò.

Ṣé a lè tà á níbí? Mo rò pé a lè tà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a daṣọ rẹ̀ bora bí ó ti wà. Àwa náà ti ń ki nǹkan bọ inú búrẹ́dì kí n tó gbọ́ orúkọ Fiẹtnáàmù rí. Búrẹ́dì àti àkàrà, kí ni ìyẹn? Búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn ńkọ́? Ní Bahia ní Brazil, àwọn ọmọ ọmọ wa tilẹ̀ ń la àkàrà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń kó edé àti ata sínú rẹ̀. Ohun tí tiwa kò ní ni kíkan àti ohun tútù tí ń ta lẹ́nu. Àkàrà gbígbẹ nínú búrẹ́dì gbígbẹ, omi ni ènìyàn fi ń tì í. Ìyá tí ó bá fi ẹ̀fọ́ kíkan kún àkàrà inú búrẹ́dì, yóò rí i bí oníbàárà yóò ti padà wá. Owó fúláwà sì ti ga tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀ ní 2023, tí ó fi jẹ́ pé búrẹ́dì kékeré tí ó kún inú ló lérè ju ńlá tí ó ṣófo.

Bí a ti ń ṣe ẹ̀fọ́ kíkan náà nìyí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Bí ẹ kò bá rí gbòǹgbò funfun yẹn, ẹ lo ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n; àwọn náà máa ń lò ó. Ẹ bó o, ẹ gé òun àti kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ bí igi ìṣáná. Ẹ fi iyọ̀ ra á títí yóò fi rọ̀, tí ẹ bá ká a tí kò dá. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ fún un gbẹ. Ẹ mú fínígà, èyí tí Bíbélì ń pè ní ọtí kíkan, ife kan, àti omi tí a ti sè, ife kan, ẹ da ṣúgà sí i títí kíkan àti adùn yóò fi bára dọ́gba lẹ́nu yín. Ẹ dà á bo ẹ̀fọ́ náà nínú ìgò tí a ti fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ dé e. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ti ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ó dùn jù bí ó bá sùn mọ́jú.

Kí ẹ tó kó o sínú búrẹ́dì, ẹ gbọ́n omi rẹ̀ dànù, kí búrẹ́dì má bàa rin. Bí ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ẹ tẹ orí wá síwájú díẹ̀, torí yóò rún sí yín láṣọ.  Olùkọ́ ní kí n fi ìyókù àsìkò sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ìyá tí ó wà lẹ́yìn yẹn ti nawọ́ tipẹ́tipẹ́.